Ẹkún Ọmọ Inú Àwo

Ìsọ̀ bàbá mi ní Peckham kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn lè gbé mọ́tò kan sí lọ. Inú ilé ọjà kan ló wà, lẹ́yìn Rye Lane. Àwọn onídìrí wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe wà lápá òsì. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń tà níbẹ̀, àwo orin àtijọ́. Àwọn tó yí i ká ń ta irun, wọ́n ń ta pànlà, wọ́n ń ta káàdì tí a fi ń pe ilé, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ kọ́lé sí Ìkòròdú. Bàbá tèmi ń ta ohùn àwọn òkú. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa sọ pé ọkọ òun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tí òun mọ̀ tó wá sí London wá fi ayọ̀ tòṣì.

Ohun tó ń tà jù ni orin kọ́ńtírì, orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń dé fìlà ńlá, tí wọ́n ń fi gìtá sunkún obìnrin tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ojú sì máa ń tì mí nígbà tí mo wà ní kékeré bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń kọjá tí wọ́n gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ láti ìsọ̀ èèyàn dúdú. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé agbára káká ni èèyàn fi máa rí àgbà Yorùbá tí kò mọ díẹ̀ nínú orin wọ̀nyẹn lórí. Rédíò ló kó wọn wọ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní ọ̀dọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá sì ń tà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́sáláṣí, wọ́n á wọlé ní méjì mẹ́ta, jalámíà lábẹ́ kóòtù òtútù, wọ́n á ní, “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ play èyí tí ìyá rẹ̀ kú yẹn.” Bàbá mi á fi í sí i. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa mi orí, ẹnìkan á nu ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ ra ẹja.

Bàbá ará Jàmáíkà kan wà tó máa ń ti Kennington wá. Òun gbà pé àwọn ará ilé òun ló ni orin kọ́ńtírì, pé kò sí ọ̀sán Sunday kan ní ilé ìyá òun tí wọn ò fi í jẹun. Bàbá mi ní irọ́ ni, Yorùbá ló ni ín. Àwọn méjèèjì ò rí màlúù Amẹ́ríkà rí láyé wọn. Ìjà yìí ni wọ́n fi ṣọ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á jà á tán, wọ́n á mu tíì.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèèṣì bi bàbá mi léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ náà, ó di kí olúwarẹ̀ wá ibi jókòó sí. Á ní àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin kọ́ńtírì sínú àwo kì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àti àwọn tó ń wa èédú, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìhunṣọ. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù á rán òyìnbó kan sí ìlú wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìda tí ẹ̀rọ náà ń kọ ohùn sí. Á gba yàrá kan, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí ariwo ìta má baà wọlé, á ní kí ẹni tó bá mọ orin wá. Wọ́n á kọrin tán, á fún wọn ní nǹkan díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì kó ìda náà lọ. Nígbà tó bá yá, ilé-iṣẹ́ á kó ohùn wọn padà wá tà fún àwọn aládùúgbò wọn. Ẹni tó kọrin gan-an á wá lọ ra ohùn ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí àwo náà bá tà bí omi, kò kàn án mọ́.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa ní Lagos,” bàbá mi á wí. “Same òyìnbó. Same blanket.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá bàbá mi jẹ́ elégbè nínú ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ń kọ wákà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n fi ń pàdé àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé. Nígbà tí òyìnbó onírẹ́kọ́ọ̀dù wá gba gbọ̀ngàn kan ní Èkó, ó ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ náà. Ìyá bàbá mi pọn ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí kò rí ẹni gbé e fún. Bàbá mi ni ọmọ náà. Wọ́n kọ ojú kìíní tán, wọ́n ti kọ ojú kejì dé àárín, ni ọmọ bá figbe ta. Ìyá rẹ̀ fo ìlà kan nínú orin, ó fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, lẹ́yìn náà ó tún bá àwọn yòókù gbé orin. Òyìnbó bínú. Ṣùgbọ́n ìda tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, ló bá ní kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló kó ìda náà wá sí ìlú ọba, ibí ni wọ́n ti tẹ àwo náà, wọ́n sì kó o padà lọ tà ní Èkó pẹ̀lú ẹkún bàbá mi nínú rẹ̀.

Bàbá mi ò tíì já lẹ́nu ọmú tí ìyá rẹ̀ fi kú. Kò ya fọ́tò kankan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń pè ní Àǹtí, ló sọ ìtàn náà fún un. Àǹtí yìí ní àwo náà nílé tẹ́lẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fọ́, nítorí àwo ayé ìgbà yẹn máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun. Ó rántí orúkọ obìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, torí òun nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín àwo. Kò rántí orúkọ orin. Àwọn elégbè ò ní orúkọ rárá. Nítorí náà, àmì kan ṣoṣo ló wà tí bàbá mi lè fi mọ àwo ìyá rẹ̀: kí ó fi í sí i, kí ó tẹ́tí, kí ọmọ ké nínú rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn wá sí London nítorí ìwé. Bàbá mi ní tòun, òun wá nítorí pé ibí ni wọ́n ti tẹ àwo náà, ó sì dá òun lójú pé ọ̀kan á ṣẹ́kù sínú àjà ilé ẹnìkan. Ìyá mi ní kí a má dá a lóhùn, pé iṣẹ́ ló wá ṣe bíi gbogbo ayé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Ní gbogbo ọdún tó fi tajà, ó rí méjì nínú àwo ẹgbẹ́ náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi èkejì sí i. Ó gbé etí rẹ̀ ti ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yí i, ó tún gbọ́ ojú kejì. Ọmọ ò ké. Ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó sì ní kí n lọ bá òun ra búrẹ́dì.

Àṣà kan wà tí bàbá mi kì í yẹ̀ ní ìsọ̀ náà. Àwo kì í jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ láì wẹ̀. Á da sípíríìtì sí òwú, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́, á fi nu ojú àwo yípo yípo láti etí wọ inú, títí tí yóò fi máa dán. Ti àwo ike nìyẹn. Àwo àtijọ́, èyí tó wúwo, tó ń fọ́, kì í ṣe ike. Oje kan tí kòkòrò ń ṣe sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é, sípíríìtì sì ń yọ́ ọ. Omi díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni tiẹ̀. Bí oníbàárà bá ra ọ̀kan, bàbá mi á di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kó lọ.

“No spirit on this one o,” á wí. “You will kill them.”

Àwọn tó ń kọrin nínú rẹ̀ ló ń sọ. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun.

Inú páálí ni mo ti kọ́kọ́ rí àìsàn rẹ̀. Bàbá ará Jàmáíkà ra orin kọ́ńtírì, ó délé, ó ṣí i, wáàsí ló bá níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà, ó ní bàbá mi fẹ́ sọ òun di Mùsùlùmí ní tipátipá. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa wo bàbá mi dáadáa. Inú bí mi sí i. Mo ní ta ló bi í, pé àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ṣàṣìṣe mọ́ ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣí páálí, mo ṣí òmíràn, mi ò rí èyí tó bá àwo inú rẹ̀ mu. Ọkùnrin tó lè na ọwọ́ mú orin tí o bá fẹ́ láì wo ibẹ̀ ti da gbogbo ẹrù rẹ̀ rú, kò sì mọ̀.

Dókítà ní ìrántí rẹ̀ ló ń lọ, pé kò ní padà, pé àwọn oògùn kan lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. A pa ìsọ̀ náà dé. Mo kó àwọn àwo wá sí fúláàtì wa, ní estate tí mo ti dàgbà, a sì tò wọ́n sí pálọ̀ títí tí ojú fèrèsé fi ku ìdajì. Mo padà wá gbé pẹ̀lú rẹ̀. Kíṣìnnì ilé-ìwé kan ní New Cross ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń tètè ṣíwọ́, aládùúgbò wa kan, ìyá àgbà tó ní sùúrù jù mí lọ, sì ń yọjú sí i bí mi ò bá sí nílé.

Ọjọ́ kan mo gbé oúnjẹ fún un, ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí.” Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó wo ojú mi, ó tún ní, “Ẹ ti jẹun?” Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń rí. Láti ọjọ́ náà, nígbà mìíràn ọmọ rẹ̀ ni mí, nígbà mìíràn ẹni tó tọ́ ọ ni mí. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ẹ̀rù kan ló wá bà mí tí kò bà mí tẹ́lẹ̀. Mo ń wo ọkùnrin kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ohùn ìyá rẹ̀, mo sì rí i pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní mọ ohun tó ń wá mọ́. Bí a bá rí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, ta la máa fún?

Bó ṣe di pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí wá àwo nìyẹn o, èmi tí mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń kó àwo jọ. Mo wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ dá mi lóhùn dáadáa, ó ní àwọn olórin ńlá, a mọ iye àwo tí wọ́n tà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó kọrin lẹ́ẹ̀kan ní Èkó, kò sí ẹni tó mọ iye tí wọ́n tẹ̀, kò sí ẹni tó mọ iye tó tà. Ó ní kí n má retí púpọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bú u nínú ọkàn mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo mú bàbá mi lọ sí ọjà Deptford, kí ó lè rí afẹ́fẹ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó máa ń kó ẹrù ilé òkú. Bí arúgbó kan bá kú tí kò ní ẹni, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ ẹrù rẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wá tẹ́ sílẹ̀: bàtà, ìkòkò, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ti ya. Kí n tó sọ nǹkan kan, bàbá mi ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìka rẹ̀ ń yí àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kíá kíá, bó ṣe ń ṣe ní ìsọ̀. Orí ń gbàgbé, ọwọ́ ò gbàgbé. Ọwọ́ náà sì dúró.

Àwo àtijọ́ ni, ó wúwo, páálí rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n kọ èdè Yorùbá sí àárín rẹ̀. Orúkọ obìnrin olórí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti orúkọ orin kan tí a ò rí rí.

“Daddy, ṣé òun ni?”

“Mi ò mọ̀.” Ó gbé e súnmọ́ ojú. “Àwọn yẹn ni, but mi ò tíì gbọ́ èyí. Mi ò gbọ́ èyí rí.”

Mo bi ọkùnrin tó ń tà á léèrè ibi tó ti rí i. Ó ní ilé bàbá kan ni, òyìnbó, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà èwe rẹ̀. Mo san ohun tó pè é láì nájà. Bàbá mi yíjú sí mi bí ẹni tí mo jà lólè.

“O ò tiẹ̀ price ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ lọ́jà?”

Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ọjà. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti bá mi wí gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé àwo náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó sọ ìtàn náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìda tó ń tán lọ, ẹkún, ìlà tí ìyá rẹ̀ fò, kò sì fo ohunkóhun nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Mo ti fẹ́ fi àwo náà sí ẹ̀rọ bí a ṣe wọlé, òun ló dá mi dúró.

“Don't be stupid. Abẹ́rẹ́ ike ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó máa họ ọ́. Get the proper needle first.”

Òótọ́ ló sọ. Abẹ́rẹ́ àwo àtijọ́ nípọn ju ti àwo ike lọ, tiwa sì ti sọnù nígbà tí a ń kó ẹrù kúrò ní ìsọ̀. Ọkùnrin kan ní New Cross tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣí Sunday. A ó dúró di Monday. Bàbá mi ní kò burú, pé ẹni tó ti dúró láti kékeré, kí ni ọjọ́ kan fẹ́ fi í ṣe. Ní Sunday ó ní kí n bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ jalámíà òun funfun.

Ní Monday mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo gba abẹ́rẹ́ náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já mi sílẹ̀. Ìyá àgbà aládùúgbò wa pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn lift. Ó ní bàbá wà dáadáa, pé inú rẹ̀ dùn, pé ó ń múra fún àlejò, òun sì kàn yà wálé láti wo ọbẹ̀ òun lórí iná.

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn. Òórùn họ́sípítù.

Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, ó wọ jalámíà funfun, ó dé fìlà. Ó ti tẹ́ tówẹ̀lì mímọ́ sílẹ̀, àwo náà wà lórí rẹ̀. Ìgò sípíríìtì tí a kó bọ̀ láti ìsọ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwú tó ti lò tò sílẹ̀, wọ́n dúdú bí èédú. Ìka rẹ̀ dúdú, etí ọwọ́ jalámíà dúdú. Ó ń nù ún lọ yípo yípo, láti etí wọ inú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí mi.

“Àǹtí, ẹ kú àbọ̀. Ó dọ̀tí gan-an. Ẹ wò ó, ó ṣì ń jáde.”

“Daddy!” Mo pariwo débi pé ó ju òwú náà sílẹ̀ lọ́wọ́. “Daddy, kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe yìí?”

Mo gbé àwo náà. Ojú rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, ó ń dán bí ojú omi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo yí i. Ojú kejì náà ti yọ́, àfi òrùka tínínrín kan ní àárín, nítòsí ibi tí wọ́n kọ̀wé sí, tí òwú rẹ̀ ò tíì dé. Inú bí mi, ṣé kí n purọ́ ni? Inú bí mi sí i, sí ìyá àgbà àti ọbẹ̀ rẹ̀, sí Ọlọ́run tó mú wa dé Deptford. Mo fẹ́ fọ́ nǹkan, mi ò sì rí ohun tó kù láti fọ́.

Bàbá mi dìde. Ó wá bá mi, ó wo àwo náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kan ibi tó yọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Bàbá mi padà dé, ọ̀gá onírẹ́kọ́ọ̀dù tó máa ń di oníbàárà lọ́wọ́ mú.

“Ta ló fi spirit kan èyí?” Ó wo yàrá ká. “Ta ni? Shebi mo ti sọ fún wọn! Mo sọ fún gbogbo wọn!”

Ó wo ìka mi, ó ń wá dúdú níbẹ̀. Kò wo tirẹ̀. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo bò wọ́n mọ́ inú tèmi kí ó má baà rí wọn.

“Mi ò mọ̀, Daddy,” ni mo wí. “Mi ò mọ ẹni tó ṣe é.”

Mo mú un lọ sí balùwẹ̀, mo fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ bí a ṣe ń fọ ti ọmọdé, dúdú náà ń ṣàn lọ nínú básíà. Nígbà tí a fi padà sí pálọ̀, ìbínú ti lọ lójú rẹ̀, ó sì ti gbàgbé ìdí tó fi bínú. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè ni mo gbé lọ́wọ́ yìí. Ó pé, kò sán níbì kankan. Omi nìkan ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

“Àǹtí,” bàbá mi wí, ó ti jókòó sórí àga tó wà nídìí ẹ̀rọ, “ṣé ẹ ò ní fi sí i ni? Àwọn ìyá mi ti dé.”

Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo gbé àwo náà lé e, ojú kejì, mo sì gbé abẹ́rẹ́ lé e létí. Kò sí orin. Ìró kan lásán ni, bíi ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù lókèèrè, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Bàbá mi gbé etí ti ẹ̀rọ. Ó di ojú rẹ̀. Àwo ń yí, òjò ń rọ̀, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lè jókòó.

Nígbà tó dé àárín, níbi òrùka tínínrín yẹn, àwọn obìnrin gbé orin. Wọ́n jìnnà, bí ẹni pé wọ́n wà ní òpópónà kejì. Mi ò mọ iye wọn, mi ò mọ ohun tí wọ́n wí. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí, kò sì sí ẹni tó máa lè sọ fún mi láyé. Gbólóhùn kan péré, ó parí. Ọmọ ò ké. Abẹ́rẹ́ ń gbá ẹnu àárín àwo.

Bàbá mi la ojú. Ojú rẹ̀ tutù rin, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ ọ, Àǹtí? Ọmọ tó ké yẹn?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Èmi ni.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Ìwọ ni.”

“Ó fo ìlà kan,” bàbá mi wí. “Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́? Èmi ló ń rẹ̀.”

Ó na ọwọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán, ó gbé abẹ́rẹ́ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.